Bí Ọkàn Bá Ń Lù Ségesège
Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ọkàn ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ a máa lù ní ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Oyún a máa mú un yára sí i. Obì pàápàá a máa lé e sáré. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń lù ségesège, tí òòyì sì ń kọ́ni, ilé ìwòsàn yá.

Òmíràn nínú àìsàn yìí a máa jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọkàn, èyí tí ó lè fa rọpárọsẹ̀. Nítorí náà ni dókítà ṣe ń fúnni ní warfarin. Àmọ́ oògùn yìí lè pa ọmọ inú lára. Ẹni tí ń lò ó, tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó tọ dókítà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ heparin, tí kì í dé ara ọmọ, ni wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀.