Kí Á Tó Tún Ìbọn Ṣe, Kí Á Tún Ọwọ́ Ṣe

 

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ìbọn ní apátí, ìbọn ò ní apátí, ta ló máa jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Apátí ni irin kékeré tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún. Ọ̀rọ̀ apátí yẹn gan-an la bá wá lónìí, nítorí ó ti wọ ilé wa.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wá kí wa ní Akpakpa. Ọlọ́pàá ni, ọdún mẹ́ta rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó jẹun tán, ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó ní: «Tonton, ẹ wo nǹkan yìí.» Fídíò ni. Òyìnbó kan jókòó sídìí tábìlì, ó tú ìbọn ìléwọ́ palẹ̀, ó ń yọ sípíríǹgì kan, ó ń fi òmíràn sí i, ó sì ń sọ pé apátí rẹ̀ ti wá fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ọmọ wa ní ọ̀rẹ́ òun kan tó wà ní òkè òkun lè fi irú àwọn ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí òun, pé kí á yá òun lówó díẹ̀. Ó ní ìbọn tí wọ́n kó fún àwọn kì í ṣe ògidì, pé ti àárín ni, pé àwọn adigunjalè ní ohun tó dára jù ú lọ.

A ò yá a lówó. Ṣùgbọ́n a ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé ahun ni wá, ìdí nìyẹn tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan máa ní: olùkọ́, chalk ni tirẹ, kí ló kàn ọ́ pẹ̀lú ìbọn? Ó kàn wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a kọ́ ti di ọlọ́pàá, sójà àti gádì. Ọta tó bá sì ṣìnà kò ní béèrè bóyá olùkọ́ ni ẹni tó ń kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ «ti àárín» yìí. Ìbọn ìléwọ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti ọmọ ogun káàkiri ayé, ti àárín ni. Ẹ wo Glock 17. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti tà á ní iye tó lé díẹ̀ ní 500 dọ́là rí. Kì í ṣe ìbọn olówó iyebíye rárá. Síbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2020, nígbà tí ìjọba Faransé fẹ́ pààrọ̀ MAC 50 tí àwọn ọmọ ogun wọn ti ń lò láti nǹkan bíi àádọ́rin ọdún, òun ni wọ́n mú, nǹkan bíi 75,000. Orílẹ̀-èdè tó lówó láti ra èyí tó wọ́n jù ú lọ ló ra ti àárín. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Kí ni wọ́n ń wá? Àwa olùkọ́ tí a kọ́ iṣẹ́ wa lédè Faransé mọ bí a ṣe ń fún ọmọ ní máàkì lórí 20. Gbogbo iṣẹ́ kọ́ ló ní agbára kan náà: coefficient ti ìṣirò lè jẹ́ 5, kí ti òmíràn jẹ́ 1. Iṣẹ́ kan sì wà tó jẹ́ pé bí ọmọ bá gba òdo níbẹ̀, ó ti já, ohun yòówù kó gbà níbòmíràn. Báyìí náà ló yẹ kí á fún ìbọn ní máàkì.

Ìbéèrè kìíní: bí a bá fa apátí, ṣé á dún, ní gbogbo ìgbà? Coefficient 5. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Austria ń wá ìbọn tuntun láàárín ọdún 1980 sí 1982, ohun tí wọ́n béèrè ni pé nínú ọta 10,000 àkọ́kọ́, ìbọn náà kò gbọdọ̀ há ju ìgbà ogún lọ. Ibẹ̀ ni Glock ti jáde. Wọn ò béèrè bóyá ó ń dán. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í gbẹ́kẹ̀ lé ìbọn tuntun títí yóò fi yin nǹkan bíi igba ọta tó máa lò lẹ́nu iṣẹ́ láìhá. Bí ó bá há lórí pápá, ẹ̀rín ni. Bí ó bá há lójú títì, òkú ni.

Ìbéèrè kejì: bí a ò bá fa apátí, ṣé kò ní dún? Èyí ni iṣẹ́ tí òdo rẹ̀ ń lé ọmọ jáde. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wọn yan ìbọn kan tí a kọ́ láti ara Sig Sauer P320. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn rí i pé P320 tí wọ́n ń tà lọ́jà lè dún fúnra rẹ̀ bí ó bá bọ́ sílẹ̀ lọ́nà kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ náà kéde pé kí àwọn tó ní in kó o wá, àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Lára ohun tí wọ́n pààrọ̀ ni apátí rẹ̀: wọ́n fi èyí tí kò wúwo tó ti tẹ́lẹ̀ sí i. Ẹ wò ó dáadáa: ìwúwo apátí kékeré yẹn lásán, ó tó ohun tí ìbọn fi ń dún nígbà tó bá bọ́ sílẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ tó kún fún onímọ̀ ẹ̀rọ bá lè ṣì í níbẹ̀, ta ni àwa tí a fẹ́ fi fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá tún un ṣe lórí tábìlì oúnjẹ?

Ìbéèrè kẹta: ṣé ọwọ́ ẹni mú un dáadáa, ṣé ojú sì rí ibi tó kọ sí? Ẹ jẹ́ kí á wo Browning, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní GP35. John Browning ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kú ní ọdún 1926. Dieudonné Saive, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló parí rẹ̀, ó sì jáde ní 1935. Ọta mẹ́tàlá ló ń gbé nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé méje tàbí mẹ́jọ. Kò jìnnà sí wa rárá: ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba Nàìjíríà ní Kàdúná, DICON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ṣe irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní NP1. Ìbọn rere ni. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù tí gbogbo ẹni tó lò ó mọ̀: ibi tí ojú ń gbà wo iwájú lórí àwọn àtijọ́ kéré jù, irin ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń bu ọwọ́ àwọn kan jẹ, ìdènà rẹ̀ sì kéré débi pé àtàǹpàkò ń wá a tì. Irú àbùkù báyìí ni ó tọ́ kí á tún ṣe, nítorí ó ń dá ojú àti ọwọ́ lọ́wọ́ kọ́.

Ẹwà, orúkọ, àwọ̀, iye owó: coefficient 1.

Ó yá, tí a bá ti fún un ní máàkì, kí ló yẹ kí á tún ṣe? Ohun tí a máa sọ kò ní dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́, nítorí kò sí ohun tó ń dán níbẹ̀.

Èkíní ni ìmọ́tótó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní etí òkun Kútọnu mọ bí páànù ṣe ń dípẹtà kí ọdún tó yí po. Iyọ̀ tó ń jẹ páànù kò ní fojú fo ìbọn. Kí á nù ún, kí á fi òróró díẹ̀ kùn ún. A ní díẹ̀, nítorí nígbà ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ òróró tó bá pọ̀ jù, á sì di ẹrẹ̀ nínú irin. Èkejì ni ilé ọta. Ibẹ̀ ni ìbọn ti ń há jù. Sípíríǹgì inú rẹ̀ máa ń rẹ̀, ètè rẹ̀ máa ń tẹ̀. Èyí tó bá ti bàjẹ́, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n fún ọmọ ní tuntun. Ẹ̀kẹta ni àpò ìbọn: kó le, kó bo apátí pátá, kí ohunkóhun má lè kàn án nígbà tí ọmọ bá ń fò sórí ọ̀kadà. Ẹ̀kẹrin ni ojú: àmì tó hàn ní ìrọ̀lẹ́, àti tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀, nítorí kí èèyàn tó yìnbọn sí nǹkan lóru, ó yẹ kó mọ̀ bóyá olè ni tàbí ọmọ aládùúgbò.

Kò sí apátí nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo New York. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá ìlú náà ní kí apátí Glock wọn wúwo tó 12 pound, ìyẹn kílò márùn-ún ààbọ̀, ju ìlọ́po méjì èyí tí ilé iṣẹ́ ń ṣe lọ. Ẹ̀rù ìbọn tó ń ṣèèṣì dún ló ń bà wọ́n. Ọmọ wa ní: «Tonton, ẹ ò rí i? Èyí tó wúwo ń mú kí wọ́n tàsé.» Òótọ́ wà níbẹ̀, ó lè mú ọwọ́ yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní 2008, ilé ìwádìí RAND gbé àbọ̀ kan jáde lórí àwọn ọlọ́pàá yẹn: láti 1998 sí 2006, nígbà tí wọ́n bá ń yìnbọn fún ẹni tó ń yìnbọn fún wọn, nǹkan bíi ọta 18 péré nínú 100 ló ń bá a. Kódà nígbà tí onítọ̀hún kò bá yìnbọn padà, nǹkan bíi 30 ni. Apátí nìkan kọ́ ló fa èyí. Ọkàn tó ń lù kìkì ni, ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni, ẹ̀kọ́ tí kò tó ni.

Ibo ni ọta 82 tó kù lọ? Ẹ fi ojú inú wo ọjà Dantokpa ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ wo àwọn ìyá tó ń ta aṣọ, àwọn ọmọ tó ń kiri omi, àwọn zémidjan tó tò lọ bí èèrà. Kò sí ọta tó ṣòfò níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló máa rí ẹni bá. Ẹni tó bá mú apátí fúyẹ́ láìkọ́ ọwọ́, ó kàn mú kí ọta yá sí i láti jáde ni, kò mú kí ó mọ ọ̀nà.

Òfin náà wà ńbẹ̀. Ìbọn ìjọba, ìjọba ló ni ín. Ẹni tí wọ́n gbé e fún kò ní àṣẹ láti tú u kó sì yí inú rẹ̀ padà. Àdéhùn ECOWAS lórí ìbọn kéékèèké, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006, kò fàyè gba kí á máa kó ìbọn wọlé bí ẹni kó tòmátì, ó sì ka ẹ̀yà ara ìbọn mọ́ ọn. Sípíríǹgì tó wọlé nínú páálí bàtà lè sọ ọlọ́pàá di ẹlẹ́wọ̀n. Bí ìbọn tó tún ṣe yẹn bá sì dún lọ́jọ́ kan tí èèyàn kú, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí adájọ́ máa bi í ni: ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án?

Àwọn kan á ní ọmọ yìí ò jẹ̀bi, pé ẹ̀rù ló ń bà á. A gbà. Ẹni tó ń lọ pàdé olè lóru ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wa kò fi parí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí a kò fún ní ọta tó láti fi kọ́ ọwọ́ ló máa ń wá oògùn nínú fídíò. Bí ọmọ iléèwé bá kọ ìdánwò láìṣe àṣetiléwá rí, ṣé bíírò tuntun ló máa mú un yege? Kí àwọn aláṣẹ fún àwọn ọmọ yìí ní àyè àti ọta láti máa kọ́ṣẹ́ léraléra, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ nìkan. Kí wọ́n ní ẹni tó ń yẹ ìbọn wò, tó ń pààrọ̀ sípíríǹgì nígbà tó tọ́, kí ọmọ má baà máa fi owó oṣù rẹ̀ ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Àwa ẹbí náà, bí ọmọ wa bá wá yá owó irú èyí, kí á má kàn lé e. Kí á jókòó tì í, kí á béèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí a bi í pé ìgbà wo ló yìnbọn gbẹ̀yìn lórí pápá, ó wo ilẹ̀, kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ló ní òun á lọ bá ọ̀gá òun, òun á béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tún kọ́ṣẹ́. A sọ fún un pé bí ọ̀gá bá ní kí ó wá, owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí pápá, ọrùn wa ló wà. Ìyẹn la lè yá a, a ò sì ní béèrè rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà lónìí.