Owó Ilẹ̀ àti Owó Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ní Ìdàáṣà wa níhìn-ín, ilẹ̀ tí ó súnmọ́ ọjà, ilé ìwé àti títì ọlọ́dà wọ́n. Bí ènìyàn bá kọjá òkè méjì mẹ́ta, owó ilẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ baálé a sáré lọ sí ibi tí kò wọ́n, wọn a ní àwọn ti jèrè. Kí a tó bá wọn yọ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣírò.

Ẹ jẹ́ kí a fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ jẹ́ olùkọ́, ó ní alùpùpù. Ìyàwó ń ta oúnjẹ lọ́jà. Wọ́n rí ilẹ̀ kan nínú ìlú ní 2.000.000 sẹ́fà, wọ́n sì rí òmíràn tí ó jìnnà ní kìlómítà 12, ní 800.000. Bí wọ́n bá ra èyí tí ó jìnnà, 1.200.000 yóò kù sí wọn lọ́wọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìyàwó yóò máa gun zẹ́míjàn lọ sí ọjà ní 500, yóò sì gùn ún bọ̀ ní 500. Bí ó bá lọ ní ọjọ́ 25 nínú oṣù, 25.000 ni. Ní ọdún kan, ó di 300.000. Nígbà tí ọdún 4 bá pé, 1.200.000 tí wọ́n rò pé àwọn jèrè ti tán sójú ọ̀nà. A kò tíì ka epo alùpùpù ọkọ, a kò sì tíì ka ti àwọn ọmọ. Àpẹẹrẹ ni iye wọ̀nyí. Kí olúkúlùkù fi iye ti rẹ̀ rọ́pò wọn.

Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń san owó ilẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni a ń san owó ọ̀nà. Owó ilẹ̀ tí a ti san kò lè lọ sókè mọ́, ṣùgbọ́n ti ọ̀nà lè lọ sókè láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ rántí ọdún 2023, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ tí ó wà lórí epo: kò pẹ́ rárá tí epo kpayo fi gbówó lórí lọ́dọ̀ wa níhìn-ín.

Ohun kan tún wà tí ó ká wa lára jù. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ kọ́ ni ó sábà máa ń san owó ọ̀nà jù. Baba a gun alùpùpù rẹ̀, a lọ, a bọ̀. Ìyá ni yóò gbé igbá lórí dúró de zẹ́míjàn nínú òjò. Ọmọ tí ó ń fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà 4 lọ sí ilé ìwé, tí ó sì ń rìn ín bọ̀, ti rin 40 kí ọjọ́ 5 tó pé. Ìgbà wo ni yóò ka ìwé? Síbẹ̀, nígbà tí a ń ná ilẹ̀ náà, ta ni ó bi ìyá àti ọmọ léèrè?

Àwọn baba ńlá wa náà gbé ibi tí ó jìnnà. Nítorí ogun Dàhòmè ni wọ́n ṣe gun orí àpáta lọ tẹ̀dó, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí oko, tí wọ́n sì ń ru omi gòkè. Ẹ̀mí ni wọ́n fi làálàá náà rà. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmè láàárín 1892 sí 1894, tí ìbẹ̀rù náà sì kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Kí àwa náà bi ara wa: kí ni a ń fi làálàá tiwa rà?

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́lé sí ọ̀nà jíjìn. Bí oko yín bá wà níbẹ̀, bí ẹ ó bá bọ́ lọ́wọ́ owó ilé tí ẹ ń san lóṣooṣù, tàbí bí ti ìtòsí yóò bá sọ yín di onígbèsè, ti ọ̀nà jíjìn lè sàn jù. Ẹ sáà ka gbogbo rẹ̀ pọ̀: omi, iná, ọ̀nà ilé ìwé, ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú, nítorí ilẹ̀ mìíràn kò wọ́n nítorí pé ènìyàn méjì ni wọ́n tà á fún. Gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, titre foncier ni ìwé tí ó fi ẹni hàn ní olóhun ilẹ̀ pátápátá. Ẹ wádìí ní mérì àti lọ́dọ̀ ANDF kí owó tó jáde lọ́wọ́ yín.

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a wo ọ̀nà kí a tó san owó ilẹ̀. Ẹ̀yin baálé, ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹ mú ìyàwó yín lọ́wọ́, kí ẹ jọ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà láti ibi ilẹ̀ títí dé ọjà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ìyàwó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó dìgbà kan ná. Kí ilé tí ẹ ó kọ́ tu gbogbo ará ilé lára.