Ìwé àṣẹ awakọ̀ bàálù ọ̀tọ̀, iṣẹ́ awakọ̀ ọ̀tọ̀

Bí èsì BAC bá ti jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń lọ nínú ọ̀pọ̀ ilé láti Kétu dé Àjàṣẹ́: iṣẹ́ wo ni ọmọ yìí fẹ́ kọ́? Bí ó bá ní awakọ̀ bàálù lòun fẹ́ dà, inú ilé á dùn. Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ tó ṣe é tà, ìyá á ronú kan owó àjọ, ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun á ní òun náà yóò fi nǹkan kún un. Kí wọ́n tó ta ilẹ̀ náà, a ní ọ̀rọ̀ kan láti bá wọn sọ. A sì ní òmíràn fún àwọn ìjọba wa ní Kútọnu àti ní Lomé.

Ìlànà ICAO, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọkọ̀ òfúrufú, ní kí ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti máa fi bàálù wíwà ṣe iṣẹ́ owó ti fò fún 200 wákàtí, tàbí 150 bí ó bá gba gbogbo ẹ̀kọ́ náà ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Bàálù kékeré ló fi ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè di ọ̀gá awakọ̀ nínú bàálù ńlá tó ń kó èrò, ó gbọ́dọ̀ ní 1,500 wákàtí. Àárín 200 sí 1,500 yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń há. Àwọn iléeṣẹ́ ń béèrè ìrírí. Níbo ni yóò ti rí ìrírí, bí ẹnikẹ́ni kò bá gbà á síṣẹ́? Bí ó sì ti jókòó sílé, àyẹ̀wò ìlera àti ìdánwò tó ń mú kí ìwé àṣẹ náà máa ṣiṣẹ́ ń padà wá, gbogbo rẹ̀ ló ń gba owó.

Ẹni tí wọ́n bá tilẹ̀ gbà, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ irú bàálù tí iléeṣẹ́ náà ń lò. Inú ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe bí iwájú bàálù gan-an ló ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀rọ náà ń mì, ó ń dún bí ẹni pé ó wà lókè, bẹ́ẹ̀ inú ilé ló wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn lọ́wọ́ láti mọ ohun tí yóò ṣe. Lẹ́yìn náà, yóò bá ọ̀gá tó ń kọ́ni fò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan pẹ̀lú èrò nínú bàálù, kí wọ́n tó gbà pé ó lè dá ìjókòó igbákejì awakọ̀ mú.

Ní Yúróòpù, owó ìwé àṣẹ lè kọjá mílíọ̀nù 40 sẹ́fà, ẹ̀kọ́ irú bàálù kan sì lè kọjá mílíọ̀nù 10. Iléeṣẹ́ kan á san èyí kejì fún ọmọ, á sì bá a ṣe àdéhùn pé yóò fi iye ọdún kan ṣiṣẹ́ fún àwọn. Òmíràn á ní kí ọmọ san án fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà láyé tó tilẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ kí ó tó lè jókòó síwájú bàálù tó kún fún èrò. Ní tiwa, èyí kò dára. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kó gba owó.

Àwọn kan yóò ní ó léwu láti fi ẹ̀mí èrò lé ẹni tó ní 200 wákàtí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo. Ní oṣù kejì ọdún 2009, bàálù Colgan Air já lulẹ̀ nítòsí Buffalo ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 50 ló kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013, pé igbákejì awakọ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ ní 1,500 wákàtí, àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n dín in kù fún. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ méjèèjì tó wà nínú bàálù Colgan náà ti kọjá 2,000 wákàtí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, bàálù Ethiopian Airlines já pẹ̀lú ènìyàn 157. Igbákejì awakọ̀ ní 361 wákàtí, àwọn kan lókè òkun sì yára di ẹ̀bi rù ú. Ọ̀gá awakọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti kọjá 8,000. Irú bàálù Boeing 737 MAX kan náà ti já ní Indonéṣíà ní oṣù márùn-ún ṣáájú, àwọn awakọ̀ méjèèjì níbẹ̀ sì ti kọjá 5,000. Ìwádìí fi hàn pé nínú méjèèjì, ẹ̀rọ kan ló ń ti imú bàálù sílẹ̀ nítorí ìsọfúnni tí kò tọ́.

A kò sọ pé wákàtí kò ṣe nǹkan. Bí ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tí a ń sọ ni pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọmọ, àti ẹni tó jókòó tì í, ṣe pàtàkì bí iye wákàtí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìdí nìyẹn tí ìjókòó méjì fi wà níwájú bàálù.

Èwo wá ni tiwa? Dahomey wà lára àwọn tó dá Air Afrique sílẹ̀ ní 1961, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà wó ní 2002. Lónìí, ASKY wà ní Lomé, ó ti ń fò láti 2010, Ethiopian Airlines sì ni alábàáṣe rẹ̀. Ethiopian ní ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ tirẹ̀ ní Addis Ababa, tó ń gba ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Ilẹ̀kùn kò jìnnà sí wa. Ohun tó kù ni kí ìjọba méjèèjì jókòó pẹ̀lú irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá ìdánwò gbangba sílẹ̀, kí ìjọba ṣe onígbọ̀wọ́ owó ẹ̀kọ́ fún àwọn tó bá yege, kí iléeṣẹ́ sì ti ṣèlérí iṣẹ́ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á máa san án padà nínú owó oṣù rẹ̀. Kí iye ọdún àti iye owó wà nínú ìwé, kí àdéhùn má baà di ìwọ̀fà.

Àwọn kan yóò ní ilé ìwòsàn ló yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ náwó lé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ kì í ṣe ẹni tó ń ta ọrẹ. Bí kò bá sí irú ètò yìí, ọmọ olówó nìkan ni yóò máa wa bàálù, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó mọ ìṣirò jù wọ́n lọ á máa wò ó láti ilẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ta ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò ìlera tí òfin béèrè lọ́wọ́ awakọ̀. Bí kò bá yege níbẹ̀, ilẹ̀ yín ṣì wà. Ẹ wo Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pẹ̀lú: ẹni tó ń fò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ dé ìpele kẹrin ICAO nínú èdè náà, Faransé nìkan kò tó. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ léèrè pé iléeṣẹ́ wo ló gba àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá. Bí wọn kò bá lè dárúkọ ẹyọ kan, ẹ káwọ́ owó yín.