Ọ̀rọ̀ Jíháádì Nínú Ilé Kristẹni

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti ọdún 2009 tí àwọn tí a ń pè ní Boko Haram ti gbé ìbọn ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà, jíháádì, ti wọ ilé gbogbo. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ọ, ẹ̀rù a sì máa bà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé Yorùbá, bí ọmọ kan ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni ọmọ ìyá rẹ̀ ń lọ sí mọ́sálásí. Bí ọmọ bá bi wá pé, “Ǹjẹ́ ẹ̀gbọ́n Bàbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí lè pa wá bí?” kí ni a ó fi dá a lóhùn?

Ní èdè Lárúbáwá, ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni làálàá, kí ènìyàn fi gbogbo agbára rẹ̀ sapá. Àwọn onímọ̀ wọn a máa pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: ti ọkàn, ti ahọ́n, ti ọwọ́ àti ti idà. Ti ọkàn ni kí ènìyàn bá ìfẹ́ búburú inú ara rẹ̀ jà. Ti ahọ́n ni kí ó wàásù òtítọ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi irọ́ tu ara wa nínú. Nínú ìwé àwọn amòfin Ìsìláàmù ìgbàanì, ogun ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí jù lọ. Síbẹ̀, ogun náà ní òfin tirẹ̀: kì í ṣe ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣáà ti wù ni ó lè kéde rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ pa obìnrin àti ọmọdé tí kò jagun. Nítorí náà, ìbéèrè tí àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn ti ń bi ara wọn láti ayébáyé ni èyí: ta ni ó pe ogun náà, ta ni a sì pè é sí?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn kan tí ó kan ilẹ̀ wa. Ṣéhù Usman dan Fodio fi ahọ́n àti kálàmù wàásù ní ilẹ̀ Háúsá fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ó bá àwọn ọba wí nítorí owó orí tí kò tọ́ àti nítorí ìnilára àwọn tálákà. Ní ọdún 1804 ìjà dé láàárín òun àti Yunfa, ọba Gobir, ogun sì bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí iná náà ràn dé Borno, ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ ti Mùsùlùmí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, Muhammad al-Kanemi tí ó gbèjà ilẹ̀ náà kọ ìwé sí àwọn aṣáájú Fúlàní. Kókó ohun tí ó béèrè ni pé, kí ni ẹ rí lára wa tí ẹ fi ń bá wa jagun, àwa tí a ń kírun tí a sì ń gba ààwẹ̀? Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà láàárín wa, ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ a máa sọ Mùsùlùmí di kèfèrí bí? Muhammad Bello, ọmọ Ṣéhù, dá a lóhùn pé Borno ran àwọn ọ̀tá àwọn lọ́wọ́, ó sì fàyè gba ìbọ̀rìṣà. Ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn. Ní ọdún 1807, Abdullahi, àbúrò Ṣéhù, fi ibùdó sílẹ̀ lọ sí Kánò, nítorí ó rí i pé ìfẹ́ ọrọ̀ àti ipò ti wọ ọkàn ọ̀pọ̀ àwọn ajagun.

Ogun náà dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni ó pe Àlímì, aláfàá Fúlàní, sí Ìlọrin kí ó lè ràn án lọ́wọ́ nínú ọ̀tẹ̀ tí ó dì sí Aláàfin. Ní nǹkan bí ọdún 1824, àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ni ó pa á. Ṣólágbérù, ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, kò gbà á sílẹ̀. Kò sì pẹ́ tí àwọn ará Abdusalami, ọmọ Àlímì, fi pa òun náà. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: pé ó ń kírun kò gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ nìyẹn. Ènìyàn lè di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin láì ṣe ibi sí ẹnikẹ́ni. Agbawèrèmẹ́sìn ni ẹni tí ó gun orí ìtẹ́ ìdájọ́ Ọlọ́run, tí ó ń ka àwọn onígbàgbọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ìgbàgbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sì ti kà wọ́n kúrò tán, idà ló kù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, a yìnbọn pa Sheikh Ja'afar Mahmud Adam nínú mọ́sálásí ní Kánò, ní àkókò ìrun òwúrọ̀; ó ti ń tako ẹ̀kọ́ Mohammed Yusuf, olórí Boko Haram, ní gbangba. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n kó 276 ọmọbìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ Chibok, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Kristẹni. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, bọ́ǹbù bú gbàmù nínú mọ́sálásí ńlá Kánò ní ọjọ́ Jímọ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó wá kírun. Ẹkún Kristẹni àti ẹkún Mùsùlùmí, ọwọ́ kan náà ni ó fà á.

Kí a tó nawọ́ sí ọmọnìkejì wa, ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò. Àwọn ọmọ ogun Kristẹni tí wọ́n gbé àmì àgbélébùú sí aṣọ pé àwọn ń lọ gba Jerúsálẹ́mù, Constantinople, ìlú Kristẹni bí tiwọn, ni wọ́n kó lẹ́rù ní ọdún 1204. Krúséèdì ni Òyìnbó ń pe irú ogun bẹ́ẹ̀. Lónìí, orúkọ yìí kan náà ni a ń kọ sí ara pátákó nígbà tí a bá fẹ́ ṣe ìsọjí, orin àti àdúrà nìkan ni a sì ní lọ́kàn. Bí Mùsùlùmí àdúgbò wa bá gbọ́ ọ, tí ó sì sá wọlé lọ ti ìlẹ̀kùn, àwa ni a ó kọ́kọ́ sọ pé kò mọ ohun tí a ń sọ. Ǹjẹ́ kò yẹ kí a fún òun náà ní irú àyè bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ má ṣe sọ fún ọmọ yín pé kò sí ewu. Ewu wà, àwọn tí ọmọ wọn kò tíì padà dé láti Chibok mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n Bàbá kì í ṣe ọ̀tá, àti pé àwọn apànìyàn náà ń lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ti ń lé wa. Ẹ rántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ogun tí àwọn Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ wà nínú rẹ̀ ni ó kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní ọdún 1821. Nígbà tí ó dàgbà tí ó sì bá àwọn Mùsùlùmí pàdé, Bíbélì àti sùúrù ni ó fi bá wọn sọ̀rọ̀, kò fi èébú. Bí ẹni tí wọ́n dè lókùn bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni àwíjàre tiwa?