Ẹ Jẹ́ Ká Tú Ilẹ̀kùn Wa Kí Katakata Tó Dé

Ọ̀rọ̀ ilé tí ìjọba fẹ́ wó la gbé wá, torí iwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ l'Ágége àti Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ wa ti ń tajà.

Tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri, àwọn kan á ní, "Ẹni tó bá tú ilẹ̀kùn ti gbà kí wọ́n wó o nìyẹn." Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ lè wà ní kóòtù, kí páànù sì wà níbi tá a tọ́jú ẹ̀ sí. Ní Màrókò lọ́dún 1990, ọjọ́ méje péré ni ìjọba ológun Raji Rasaki fún aráàlú. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù keje, katakata wọlé. Àwọn tó tó 300,000 ló pàdánù ibùgbé. Níbo lèèyàn ti fẹ́ rí ọmọlanke háyà lọ́jọ́ náà?

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré mú sípánà o. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, owó ilé tó wà lórí ẹ̀ tọ́ sí onílé. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ojú irin Red Line tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, àwọn onílé kan gbowó. Tẹ́ ẹ bá ti tú ilé sí ìhòòhò kí àwọn tó ń díye lé e tó dé, kí ni wọ́n fẹ́ díye lé? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ná.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n já iná. Mítà kì í ṣe tiwa, ẹ má tà á. Ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ bá yọ tòun ti férémù ẹ̀, ilẹ̀kùn lẹ máa tà. Èyí tí katakata bá fọ́, igi ìdáná ni. Páànù tẹ́ ẹ rọra fa ìṣó ẹ̀ yọ, ẹnì kan á fi kan ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó bá ti rún, orí ìwọ̀n àwọn tó ń ra irin pàǹtí ló ń lọ. Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣa tòmáàtì là ń sọ èyí fún? Páànù ásíbẹ́ẹ̀sì àtijọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ yẹra fún, eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ìjà tó le jù ni ti ayálégbé pẹ̀lú lańlọ́ọ̀dù. Ìwọ lo fowó ẹ ra ilẹ̀kùn onírin sí ṣọ́ọ̀bù, òun á ní ohun tó bá ti lẹ̀ mọ́ ilé, tòun ni. Òfin sì lè gbè é lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ lọ bá a báyìí, nígbà tí kò tíì sí ọ̀dà lára ògiri, kẹ́ ẹ kọ àdéhùn sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì so rìsíìtì mọ́ ọn.