Àgbẹ̀ Tó Jẹ Èbù Rẹ̀: Nàìjíríà àti Norway

Àgbẹ̀ tó bá jẹ iṣu, tó sì jẹ èbù mọ́ ọn, kò ní ohun tí yóò gbìn nígbà tí òjò bá tún rọ̀. Bí ó ti rí fún àgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún orílẹ̀-èdè. Ìfowópamọ́ orílẹ̀-èdè ni ohun tó ṣẹ́kù nínú gbogbo owó tó wọlé lọ́dún, lẹ́yìn tí ará ìlú àti ìjọba ti ná èyí tí wọ́n ná sórí ìgbọ́bùkátà ojoojúmọ́. Láti inú àṣẹ́kù yìí ni ó ti yẹ kí owó ilé-iṣẹ́, ojú ọ̀nà àti iná mànàmáná máa jáde. Orílẹ̀-èdè tí kò bá ní in, gbèsè ni yóò máa jẹ.

Epo rọ̀bì ni Ọlọ́run fi kẹ́ Nàìjíríà àti Norway. Nàìjíríà ló ṣáájú: wọ́n rí epo ní Oloibiri lọ́dún 1956, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á sókè òkun lọ́dún 1958. Ìparí ọdún 1969 ni Norway tó rí epo ńlá tirẹ̀ lábẹ́ òkun ní Ekofisk.

Lọ́dún 1990, àwọn aṣòfin Norway ṣe òfin tó dá àpò ìpamọ́ owó epo sílẹ̀. Ọdún 1996 ni owó àkọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣòwò ní ilẹ̀ òkèèrè. Lọ́dún 2001, wọ́n ṣe ìlànà pé ìwọ̀n ìdá 4 nínú 100 ni ìjọba lè máa mú ná nínú rẹ̀ lọ́dún. Wọ́n sì dín in kù sí 3 lọ́dún 2017. Lónìí, owó náà ti kọjá tírílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò pé mílíọ̀nù 6.

Nàìjíríà náà gbìyànjú. Lọ́dún 2004, ìjọba àpapọ̀ ṣí àkáǹtì kan fún owó epo tó bá lé sí iye tí wọ́n fojú bù nínú ètò ìṣúná. Nígbà tí ọdún 2008 fi ń parí, nǹkan bí bílíọ̀nù 20 dọ́là ló wà níbẹ̀. Lọ́dún náà gan-an ni iye owó epo já wálẹ̀, láti orí 140 dọ́là ó lé sí ìsàlẹ̀ 40, owó ìpamọ́ náà sì gba orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà epo tún gbé pẹ́ẹ́lí, wọn kò dá owó náà padà bó ti yẹ. Nígbà tí epo tún já lọ́dún 2014, díẹ̀ ló kù nínú àpò. Lọ́dún 2015, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò rí owó oṣù san; lọ́dún 2016, ọrọ̀ ajé rún wálẹ̀.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Òótọ́ ni pé ènìyàn Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 200, ebi kò sì ṣeé sọ fún pé kó dúró. Kò sí ẹni tó lè retí pé kí ó pamọ́ tó Norway. Ṣùgbọ́n òfin tó lágbára ló ń ṣọ́ àpò ti Norway, nígbà tí ti Nàìjíríà kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Abala 162 ìwé òfin ọdún 1999 ní kí wọ́n pín owó àpapọ̀ fún ìjọba gbogbo, èyí ni àwọn gómìnà sì gbé lọ sí ilé ẹjọ́. Ọdún 2011 ni wọ́n tó ṣòfin àjọ ìpamọ́ tuntun, tó ní ẹ̀ka kan fún ìran tó ń bọ̀. Bílíọ̀nù kan dọ́là péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìran tó ń bọ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ òní. Lóṣooṣù ni wọ́n ń gbọ́ iye tí ìjọba pín. Ó tọ́ kí wọ́n máa béèrè iye tí wọ́n fi pamọ́ pẹ̀lú, àti òfin tó ń ṣọ́ ọ. Èbù tí a kò bá fi ẹ̀ṣọ́ tì, ọbẹ̀ alẹ́ ni yóò bá lọ.