ỌYẸ́ Ń BỌ̀: Ẹ JẸ́ KÍ A YẸ BÁTÌRÌ ÀWỌN ỌMỌ WA WÒ

 Bí a bá ti wọ inú oṣù Disẹ́ńbà, àkókò àgọ́ ti dé nìyẹn fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa. Àwọn Sìkáòtù yóò lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí yóò lọ, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Kristi náà yóò lọ. Òbí yóò ra bùláńkẹ́ẹ̀tì, yóò ra ìpara, yóò sì di gàrí àti kúlíkúlí sínú àpò ọmọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì fóònù, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà ni ọ̀pọ̀ wa ń sáré mú. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ara wa sọ.

Ẹni tí ó ti sùn ní Jos rí nígbà ọyẹ́ kò ní fi ọ̀rọ̀ òtútù ṣeré. Ìlú náà ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju ojú òkun lọ, òkè Mambila ní ìpínlẹ̀ Taraba sì tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní òru Disẹ́ńbà àti Jánúárì, òtútù Jos lè mú títí dé nǹkan bí 10°C. Òru náà sì gùn: bí oòrùn bá ti wọ̀, ó ju wákàtí 12 lọ kí ó tó tún yọ. Ọmọ tí ó wà ní àgọ́ lórí òkè, tí iná ọwọ́ rẹ̀ kú ní agogo mẹ́wàá alẹ́, tí fóònù rẹ̀ náà sì kú, kò lè rí ọ̀nà, kò sì lè pe ẹnikẹ́ni. Àwa tí a ń gbé ní ìlú onílùú mọ̀ pé ìpè kan ṣoṣo lóru lè yọ ọmọ nínú ewu.

Kí ni òtútù ń ṣe fún bátìrì? Kì í ṣe pé a rọ iná sínú rẹ̀ bí omi inú àmù. Àwọn èròjà ni ó wà nínú rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lára ara wọn, iṣẹ́ wọn ni ó ń di iná. Bí òtútù bá mú, iṣẹ́ náà a falẹ̀, gẹ́gẹ́ bí epo pupa ti ń dì nínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́. Iná kò tán. Ó kàn ń wọ́ jáde ni. Ìdí nìyí tí mọ́tò tí bátìrì rẹ̀ ti gbó fi ń kọ̀ láti dìde láàárọ̀, tí tọ́ọ̀ṣì tí ó kú lóru sì tún ń tàn díẹ̀ nígbà tí oòrùn bá là.

Síbẹ̀, kí a má purọ́ mọ́ òtútù. Bátìrì lithium tí ó dára, irú èyí tí ó wà nínú fóònù, kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdánù agbára ní 10°C. Ní ilẹ̀ wa, òtútù kì í pa bátìrì rere. Àṣírí èyí tí ó ti gbó àti ayédèrú ni ó ń tú. Nítorí náà, ọjà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí páwà báǹkì. Nọ́ńbà ńlá tí a kọ sí i lára ni ó ń tan ènìyàn. Èyí tí ó jẹ́ 10,000 mAh lóòótọ́, agbára inú rẹ̀ jẹ́ 37 Wh. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì máa ṣòfò nígbà tí iná bá ń kọjá sínú fóònù. Bí bátìrì fóònù bá jẹ́ 5,000 mAh, ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀ ni yóò fi kún un, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ gbé e lé ọwọ́ wò kí ẹ tó sanwó: ojúlówó 10,000 sábà máa ń wọn nǹkan bí 200 gíráàmù. Èyí tí ó pe ara rẹ̀ ní 50,000, tí ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, irọ́ ni. Ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Kánò sí Èkó kí ó rántí pé inú àpò ọwọ́ ni a ń gbé e sí, kì í ṣe inú ẹrù tí a kó fún wọn, àti pé kò gbọdọ̀ ju 100 Wh lọ láìgba àṣẹ.

Ó tún kan òkúta tọ́ọ̀ṣì. Ẹ ka ohun tí a kọ sí i lára. Èyí tí a kọ R20 tàbí R6 sí jẹ́ ti zinc àti carbon, ìbáà tilẹ̀ ní «Heavy Duty» lára. Òun ni owó rẹ̀ kéré, òun náà ni òtútù sì tètè ń mú. Èyí tí ó ní L níwájú, LR20 tàbí LR6, alkaline ni. Ó ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa. Èyí tí a kọ FR6 sí, lithium ni; ó wọ́n, ṣùgbọ́n òun ni ó fara da òtútù jù. Kí ẹ sì ra tọ́ọ̀ṣì LED, nítorí iná díẹ̀ ni ó ń jẹ.

Bí a bá ti ra ojúlówó, ìlò rẹ̀ kù. Lóru, kí ọmọ fi fóònù àti páwà báǹkì sínú aṣọ tí ó fi bora, kí ooru ara rẹ̀ máa mú wọn gbóná. Kí ó má gbé wọn sórí ilẹ̀ títutù. Níbi tí nẹ́tíwọ́kì kò bá dára, fóònù a máa wá a kiri títí bátìrì yóò fi tán. Kí ó pa á títí yóò fi nílò rẹ̀. Kí ó má da òkúta tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó. Bí ó bá ń lo sólà, kí ó máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀ láràárọ̀.

A kìlọ̀ gidigidi nípa iná. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yá bátìrì lẹ́bàá ẹ̀yinná. Bátìrì lithium tí ó bá gbóná jù lè gbiná. Kí a má sì gbé ìkòkò eléèédú wọ inú àgọ́ tàbí yàrá tí a tì. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń ti inú rẹ̀ jáde kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà tàbí Amẹ́ríkà kí ó fi èyí kún un: bí òtútù bá ti kọjá 0°C, wọn kò gbọdọ̀ fi iná sí bátìrì lithium títí yóò fi yá. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, lithium a máa lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ó sì lè ba bátìrì náà jẹ́ tàbí kí ó di ewu lẹ́yìn náà.

Àwọn kan yóò wí pé kí ẹgbẹ́ má fi owó ṣòfò lórí òkúta àti tọ́ọ̀ṣì. Èrò tiwa yàtọ̀. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mú ẹkún sun. A dá a lábàá pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi owó àpapọ̀ ra tọ́ọ̀ṣì rere díẹ̀ tí àwọn ọmọ yóò máa yá, tí wọn yóò sì máa dá padà. Kí a gba òkúta kúrò nínú wọn kí a tó tọ́jú wọn, kí ó má baà sun oró sínú wọn. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn àjò, kí àwọn tí ń tún fóònù ṣe láàárín wa yẹ páwà báǹkì ọmọ kọ̀ọ̀kan wò. Kí gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ tí ó ń lọ sí àgọ́ sì ní ọ̀kan tí ó kún, tí àgbà kan yóò mú dání, tí a kò ní lò fún orin tàbí fíìmù, bí kò ṣe láti pe ilé.

Kí olúkúlùkù gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé ẹ̀ka rẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ.